Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Dróònù Tó Gbéra Nílẹ̀

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa fídíò òde ìnáwó nínú ojú ìwé yìí, ìbéèrè tó ń wọlé jù lọ kì í ṣe nípa kámẹ́rà mọ́, nípa dróònù ni. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé sí wa wà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà kan sì ti Ìbàdàn wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé yàtọ̀: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òfurufú tó wà lókè orí òun ṣí sílẹ̀ tàbí ó wà ní títì? A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra dróònù kékeré kan tí ìwúwo rẹ̀ kò tó gíráàmù 250. Ẹni tó tà á fún mi ní nítorí pé ó fúyẹ́, òfin kò kàn án, mo lè gbé e sókè níbikíbi. Mo fẹ́ fi ya fídíò ọjọ́ ìbí ọmọ mi ní gbàgede ìgbafẹ́ kan nítòsí ilé wa. Ṣé lóòótọ́ ni pé n kò nílò láti yẹ ohunkóhun wò? *Ìyá ọmọ, Houston, Texas*

Ìdáhùn: Ìdajì òótọ́ ni ẹni tó tajà fún yín sọ, ìdajì tó gbé mì ni ó sì lè kó yín sí wàhálà. Lóòótọ́ ni pé FAA, àjọ tó ń ṣàkóso òfurufú Amẹ́ríkà, kò ní kí ẹ forúkọ dróònù tí kò tó gíráàmù 250 sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé eré ìdárayá nìkan ni ẹ ń fi ṣe. Àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn ni ìwúwo rẹ̀ yọ yín kúrò nínú rẹ̀, kò yọ yín kúrò nínú òfin òfurufú. Bí dróònù yín bá fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, tó sì wọ òfurufú pápákọ̀ bàálù láìgbàṣẹ, ẹ ti rú òfin kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbé èyí tó wúwo bí àpò gàrí wọ ibẹ̀. Ìdánwò kékeré tí wọ́n ń pè ní TRUST, èyí tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kàn yín bákan náà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú fóònù, nítorí pé ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ FAA lè ní kí ẹ fi hàn òun.

Houston kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fi ojú lásán mọ bí òfurufú rẹ̀ ṣe rí. Pápákọ̀ Bush Intercontinental wà ní àríwá, Hobby wà ní gúúsù, Ellington sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà etíkun. Ibi tí kò sí lábẹ́ àkóso pápákọ̀ kankan ni wọ́n ń pè ní òfurufú ìsọ̀rí G, níbẹ̀ sì ni ẹ ti lè gbé dróònù dé ẹsẹ̀ bàtà 400 láìtọrọ àṣẹ. Àwọn ìsọ̀rí tó yí pápákọ̀ ká, B, C, D àti E tó bá sọ̀ kalẹ̀ kan ilẹ̀, ni ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ̀.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn áàpù B4UFLY tí FAA fọwọ́ sí, kí ẹ sì tẹ àdírẹ́sì ibi tí dróònù yóò ti gbéra gan-an, kì í ṣe orúkọ ìlú. Ní àyíká pápákọ̀, ẹ óò rí i pé wọ́n ti fa ìlà gba ilẹ̀ kọjá títí tó fi di àpótí àpótí, nọ́ńbà sì jókòó sáàárín àpótí kọ̀ọ̀kan: 0, 50, 100, 200, 400. Iye ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n lè fọwọ́ sí fún yín níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni nọ́ńbà náà. Bí àpótí tí gbàgede yín bọ́ sí bá jẹ́ 100, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti gíga tí ẹ fẹ́ sínú ètò tí wọ́n ń pè ní LAANC, ẹ fi ránṣẹ́, ìdáhùn sábà máa ń wọlé kí ẹ tó tú dróònù kúrò nínú àpò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0, kò sí àṣẹ ojú ẹsẹ̀ fún yín níbẹ̀, ẹ wá gbàgede mìíràn. Ẹ má ṣe bínú sí nọ́ńbà náà. Nígbà mìíràn títì kan ṣoṣo ló pààlà láàárín àpótí 0 àti àpótí 100, ó sì lè jẹ́ pé kí ẹ kó tábìlì àti kúlà kọjá sí òdìkejì ni gbogbo ohun tó máa ná yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dróònù DJI kan ti wà lọ́wọ́ mi láti 2021. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá tan án ní ẹ̀yìnkùlé, kì í gbéra rárá, á kọ ọ́ sójú fóònù pé a kò gbọdọ̀ fò níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo gba àtúnṣe tuntun sórí áàpù rẹ̀, mo tan án, ó sì gbéra wẹ́rẹ́. Ṣé wọ́n ti ṣí òfurufú àdúgbò wa ni? *Baba Ìbejì, Hyattsville, Maryland*

Ìdáhùn: Rárá o, Baba Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Inú áàpù ni nǹkan ti yí padà, òfurufú yín wà bó ṣe wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní 2025, ilé iṣẹ́ DJI mú ìdènà tó máa ń so dróònù mọ́lẹ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ rọ́pò rẹ̀: áàpù yóò sọ fún yín pé ibi tí ẹ wà kò ṣeé fò, ẹ óò tẹ bọ́tìnì pé ẹ ti gbọ́, dróònù yóò sì gbéra. Àlàyé wọn ni pé ọrùn ẹni tó ń darí dróònù ni ẹrù náà wà lójú òfin. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwa oníbàárà pé bí ẹ̀rọ bá ti gbéra, àyè ti gbà wá nìyẹn. A ti sọ áàpù di mẹ́gàádì, mẹ́gàádì náà sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láìdágbére.

Ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sí Hyattsville, tó wà ní ọ̀kan lára àwọn ibi tó le jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjọba fa òbìrí méjì yí Washington ká, pápákọ̀ Reagan sì ni àárín wọn. Láàárín òbìrí ti inú, èyí tó jìnnà tó máìlì 15 sí pápákọ̀ náà ní gbogbo ìhà, dróònù kankan kò gbọdọ̀ gbéra láìsí àṣẹ àkànṣe, ìbáà jẹ́ ti eré tàbí ti iṣẹ́, ìbáà kéré tàbí kó tóbi. Láti máìlì 15 títí dé máìlì 30, ẹ lè fò bí ẹ bá pa àwọn àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìnkùlé yín kò tilẹ̀ sún mọ́ etí òbìrí ti inú yẹn, àárín rẹ̀ gan-an ló wà. LAANC kò sì lè fún yín láṣẹ níbẹ̀, nítorí náà ẹ má jókòó máa dúró de ìdáhùn fóònù.

Ohun tí àwọn tó ń gbé ní agbègbè yín máa ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé dróònù sínú mọ́tò jáde kúrò nínú òbìrí náà pátápátá. Bí ẹ bá gba ọ̀nà àríwá lọ, ẹ tún yẹ ọ̀hún wò kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, torí pé Camp David, ilé ìsinmi ààrẹ lórí òkè Catoctin, ní òbìrí tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé òfin tí wọ́n ṣe fún FAA ní 2024 ti gbé owó ìtanràn àwọn olùdarí dróònù sókè títí tó fi lè dé $75,000 lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo, kí a má tíì sọ ti ẹ̀wọ̀n.

Ìbéèrè: Fídíò òde ìnáwó ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, mo sì ní ìwé àṣẹ Part 107, èyí tí FAA ń fún àwọn tó ń fi dróònù ṣiṣẹ́ owó. Ọjọ́ tí oníbàárà bá san owó àsansílẹ̀ ni mo máa ń yẹ òfurufú ibi ìnáwó wò, mo sì máa ń ya àwòrán ojú áàpù pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ní kò tó, pé mo gbọ́dọ̀ tún wò ó lọ́jọ́ òde gan-an. Ṣé kò ti ń pọ̀ jù? *Ayàwòrán, Newark, New Jersey*

Ìdáhùn: Ẹnì kejì yín gbọ́n. Oríṣi ìdènà méjì ló wà lójú ọ̀run. Èkínní dà bí ògiri: òfurufú pápákọ̀ tí ẹ rí lónìí ni ẹ óò bá níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èkejì dà bí okùn tí ọlọ́pàá ta dí títì nítorí àlejò ńlá, wọ́n lè ta á ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì tú u ní ìrọ̀lẹ́. TFR ni wọ́n ń pè é, ìdènà onígbà díẹ̀, òun náà ni àwòrán tí ẹ yà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò lè fi hàn yín. Bí ààrẹ bá fẹ́ wá sí agbègbè yín, òbìrí tí wọ́n sábà máa ń fà jìnnà tó kìlómítà 55 sí ibi tó wà, ẹ sì lè wà ní ìlú mìíràn pátápátá kí ó ká yín mọ́.

Ìtàn kan wà tí kò jìnnà sí yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2017, ọkùnrin kan gbé dróònù Phantom 4 sókè ní Brooklyn. Ìpàdé àpapọ̀ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ ní New York lọ́sẹ̀ náà, ìdènà onígbà díẹ̀ sì ti bo òfurufú ìlú náà. Ọkùnrin yìí kò mọ̀. Ó sọ fún àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù àti ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà pé áàpù dróònù ni òun gbójú lé láti kìlọ̀ fún òun, àṣé apá tó ń fi ìdènà onígbà díẹ̀ hàn nínú áàpù náà kò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Ó jẹ́ kí dróònù lọ tó nǹkan bíi máìlì 2 àbọ̀ sórí omi lápá Staten Island, níbi tí ojú rẹ̀ kò lè bá a dé mọ́, ibẹ̀ ló sì ti kọ lu hẹlikópítà Black Hawk ti àwọn ológun. Ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà náà tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n ó rí ilẹ̀ bà sí láyọ̀ ní Linden, ní ìpínlẹ̀ tiyín níbẹ̀. Mọ́tò dróònù kan tó há sí ara hẹlikópítà ni wọ́n fi tọpa olówó rẹ̀. Títí wọ́n fi pè é, ohun tó rò ni pé dróònù òun ti já sómi. Àwọn àgbà sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n ẹyẹ a máa wo iwájú ara rẹ̀.

Iná tó jó Palisades ní Los Angeles ní oṣù Kínní 2025 tún fi ohun mìíràn hàn. Wọ́n ti kéde ìdènà lórí agbègbè iná náà kí àwọn bàálù tó ń da omi lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbé dróònù sókè láti orí òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Santa Monica kí ó lè wo bí iná ṣe ń jó, ó sì lu ìyẹ́ bàálù apanápaná kan tí wọ́n gbé wá láti Quebec. Ihò tó dá sí i lára fẹ̀ tó íǹṣì 3 níbùú àti 6 lóòró, bàálù náà sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí ilé àwọn ènìyàn ń jó lọ́wọ́. Iná, ìjàm̀bá, àbẹ̀wò ààrẹ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ̀wé sí ayàwòrán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Èyí tó máa ń mú àwọn oníṣẹ́ bíi tiyín jù lọ, òun ni ti pápá ìṣeré. Bí pápá kan bá gba òǹwòran 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà NFL, ti bọ́ọ̀lù àfigigbá MLB, ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láàárín àwọn yunifásítì ńlá, tàbí eré ìje ọkọ̀ ńlá NASCAR bá ń lọ níbẹ̀, dróònù kò gbọdọ̀ wà láàárín kìlómítà 5 àbọ̀ sí i, láti wákàtí kan ṣáájú eré títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìkéde kan ṣoṣo tó wà títí ni FAA fi gbé òfin yìí jáde, kò to ọjọ́ eré kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, torí náà ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbọ́dọ̀ wo ìwé àtẹ eré. Ó ti ká èmi náà mọ́ rí. Mo ti yẹ òfurufú wò ní alẹ́ Jímọ́ fún ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston, kò sí ìṣòro kankan. Ní ọ̀sán Sátidé, mo ti ṣí apá dróònù sórí ìdérí kúlà, àwọn aláṣọ ẹbí ti to ara wọn jọ lábẹ́ igi, wọ́n ń tún gèlè ṣe, ni ọmọ ọkùnrin kan tó dé fìlà Astros, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfigigbá Houston, bi bàbá rẹ̀ léèrè aago tí wọ́n máa kúrò níbẹ̀, torí pé eré máa tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fóònù, mo wọn bí pápá ṣe jìnnà sí wa, mo sì rọra ká apá dróònù padà. Orí àga ni mo dúró sí ya fọ́tò àwọn aláṣọ ẹbí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ yẹ òfurufú wò nígbà tí ẹ bá ń gba owó àsansílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ògiri wà níbẹ̀. Ẹ tún un wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú ojúewé tfr.faa.gov àti àtẹ eré ìdárayá. Ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ẹ bá ti dúró sí ibi tí dróònù yóò ti gbéra. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ìjọba bá ti òfurufú lọ́jọ́ náà, kò ní sí fídíò láti òkè, kí ẹ sọ iye tí ẹ óò dá padà. Oníbàárà tó bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ kì í bá ènìyàn jà níwájú àlejò.

Ìbéèrè: Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Grand Canyon. Áàpù fi hàn pé òfurufú apá kan ibẹ̀ kò ní ìdènà pápákọ̀. Ṣé mo lè gbé dróònù lọ? *Olùkà, Atlanta, Georgia*

Ìdáhùn: Ẹ fi sílé. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí Grand Canyon wà lára wọn, ti fòfin de gbígbé dróònù sókè, sísọ ọ́ kalẹ̀ àti dídarí rẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn láti 2014. FAA ló ni ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ dúró lé ní olówó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọ̀pọ̀ gbàgede ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, tí Ìyá ọmọ ti Houston náà bá ń kà á níbẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Woolwich ni mò ń gbé. Mo ń gbọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń gba àṣẹ lórí fóònù. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níhìn-ín? *Olùkà, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àgbègbè tó yí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ká ni wọ́n ń pè ní FRZ, bí ẹ bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ pápákọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ óò ti tọrọ àṣẹ. Inú FRZ ti pápákọ̀ London City ni Woolwich wà, odò Thames nìkan ló là yín láàárín, òfin rẹ̀ sì kan dróònù tó kéré jù lọ pàápàá. Bí ẹ bá kọjá sí àárín ìlú, ẹ óò tún bá àgbègbè èèwọ̀ mẹ́ta tó ní nọ́ńbà: R157 ní Hyde Park, R158 ní City of London, àti R159 ní Isle of Dogs.

Ìgbà kan wà tí òfin yìí kò fẹ̀ tó báyìí. Láàárín ọjọ́ 19 sí 21 oṣù Kejìlá 2018, wọ́n ti pápákọ̀ Gatwick nítorí ìròyìn pé àwọn kan rí dróònù lórí rẹ̀. Nǹkan bíi 1,000 bàálù ni ó kàn, àwọn èrò tó tó 140,000 sì há nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn kò rí ẹni tó ṣe é mú. Ní oṣù Kẹta 2019, ìjọba fẹ àgbègbè èèwọ̀ pápákọ̀ kúrò ní kìlómítà kan sí bó ṣe wà lónìí. Lẹ́yìn ti FRZ, ẹ má ṣe kọjá mítà 120 sókè, kí ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2026, dróònù tó bá ti wúwo tó gíráàmù 100 gbọ́dọ̀ ní olùdarí tó ti ṣe ìdánwò Flyer ID lọ́dọ̀ CAA, àjọ tó ń ṣàkóso òfurufú lọ́dọ̀ yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú làákàyè. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Dallas fẹ́ mú dróònù bọ̀ fún mi lọ́dún Kérésì. Ó ní áàpù tó fi ń yẹ òfurufú wò dára gan-an, òun yóò fi sórí fóònù mi. Ṣé mo lè máa lò ó ní Ìbàdàn? *Àbúrò yín, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Áàpù B4UFLY kò mọ ohunkóhun nípa Ìbàdàn. Òfurufú Amẹ́ríkà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ṣí i ní Àlàkíà, ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ gan-an, tí o kò sì rí àwọ̀ pupa kankan, má ṣe rò pé àyè gbà ọ́.

Ní Nàìjíríà, inú ìwé àṣẹ ni ìyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí fóònù. Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn àti ìyọ̀ǹda láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ọ̀rọ̀ ààbò náà ló sì ń mú kí ìdènà máa pọ̀ sí i: ní oṣù Kínní 2025, àwọn ológun òfurufú tó ń jagun ní ìlà-oòrùn àríwá fòfin de lílo dróònù ní Borno, Adamawa àti Yobe. Mo mọ̀ pé o máa ń rí àwọn tó ń gbé e sókè ní gbogbo òde ìnáwó láti Bódìjà dé Rìng Róòdù, o sì lè rò pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Bí ọ̀kan bá já lu àlejò, tàbí tí àwọn agbófinró bá yọ sí òde náà, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Lọ bi NCAA léèrè ohun tí ìwé náà ń gbà àti iye tó ń ná ènìyàn, kí dróònù sì ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Dallas títí ìwé méjèèjì yóò fi jáde.